Ẹ̀ẹ̀mẹfà Tàbí Ẹ̀ẹ̀meje Tí Bàbá Sọ Màmá Kalẹ̀

Bí n bá ní kí n sọ ìtàn ayé Bàbá wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilẹ̀ á ṣú, a ò ní tíì dé ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ rí. Á mú un láti àárín, á yà sọ́tùn-ún, á kí ẹnì kan, á bi onítọ̀hún léèrè ìyá rẹ̀, kó tó rántí pé òun ní nǹkan í sọ. Nítorí náà, bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni n óò ṣe sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń dìde fún lórí àga. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ọkùnrin yìí, inú ṣì máa ń bí mi díẹ̀, bí òkúta wẹ́wẹ́ tó wọnú bàtà.

Orúkọ rẹ̀ ni Fágbohùn. Òun ló bí bàbá mi. Abúlé wa, Òkè-Ẹfun, wà lápá òkè Ìlaró, níbi tí ilẹ̀ ti funfun débi pé adìyẹ dúdú tó bá yí erùpẹ̀ láàárọ̀ á ti di eléérú kó tó di ọ̀sán. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Bí o bá gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ máa lọ sí ìsàlẹ̀, wàá fi ilẹ̀ funfun sílẹ̀, wàá bọ́ sórí ilẹ̀ pupa Ìlaró, wàá bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú lẹ́bàá Odò Yewa, títí wàá fi bá iyanrìn àti àgbọn, tí òkun á sì dá ọ dúró. Ọ̀nà tó rẹwà ni. Àwọn tó mọ nǹkan wò ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹwà kankan lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí. Ẹ̀yìn Bàbá ni mo ń wò, tó ń lọ níwájú mi bí ìgbín tó ra kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti kíkí. Bàbá ò lè gun kẹ̀kẹ́ kọjá ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní iná níwájú, ó ní agogo, ó ní irin lẹ́yìn tí wọ́n ń di ẹrù sí. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á ti nu kẹ̀kẹ́ náà, á ti fi àdín pa ṣéènì rẹ̀ lára. Bí o bá rí i lórí rẹ̀, wàá rò pé ó ń yára lọ síbì kan. Irọ́ ni. Bó bá rí ẹni tó ń roko lókèèrè réré, á fa bíréèkì, á sọ̀ kalẹ̀, á fi kẹ̀kẹ́ ti ìbàdí, á ṣí fìlà.

"Ẹ kú oko o! Ìyá ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ewúrẹ́ tó bímọ lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé gbogbo ọmọ náà ló yè?"

Nígbà tí mo kéré, ikọ́ mú mi, wọ́n ní kó lọ bá mi ra oògùn ní Ìlaró. Ó jáde ní ìdájí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tó padà dé. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Bàbá, ikọ́ ọmọ ti lọ láti àná o!" Bàbá gbé ìgò oògùn náà sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Ẹ wá wo oògùn tó lágbára," ló wí. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti Ìlaró."

Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fi ń fìyà jẹ gbogbo wa. Ẹni tó gbàgbé nǹkan, ẹni tó ṣubú, ẹni tó da omi nù, ọ̀rọ̀ kan náà ló ní fún wọn: "Ẹni tó bá kánjú lọ, á padà wá." Ìyá mi sáré jáde lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ. Kó tó yà padà, Bàbá ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀já náà kọ́ ọrùn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń súre. Awakọ̀ lọ́rì kan tún wà tó sáré kọjá lára rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó da eruku funfun bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lọ́rì náà tún ń bọ̀: èrò rẹ̀ kan ló sọ̀ láti tọ̀ nínú igbó, tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn. Bàbá ṣì wà lójú kan náà, ó funfun bí ère. Ó sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tó délé tí a ń bi í pé kí ló dé tí kò nura fún gbogbo ìgbà yẹn, ẹnu yà á pé a lè bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ kó bá eruku rẹ̀ níbi tó fi í sí."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Àwọn awọnlẹ̀ kan wá sí abúlé wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní òkúta wa, òkúta sìmẹ́ńtì ni, wọ́n ní títì ọlọ́dà ń bọ̀. Wọ́n bẹ Bàbá pé kó fi ọ̀nà tó máa ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀ hàn wọ́n. Ó ti kẹ̀kẹ́ ṣíwájú wọn. Níbì kan ní gbalasa, tí kò sí igi, tí kò sí kòtò, Bàbá yà sọ́tùn-ún, ó rìn yípo, ó tún bọ́ padà sójú ọ̀nà. Ọ̀gá wọn, tí òógùn ti bò, dúró gbagidi.

"Bàbá, kí lẹ yà fún?"

"Ìrókò kan wà níbẹ̀."

"Ìrókò dà?"

"Ó ti wó kí wọ́n tó bí mi."

"Ẹ sì ń yà fún un títí dòní?"

Bàbá wo ọkùnrin náà bí ẹni tí ìwé ti bà jẹ́. "Ṣé torí pé ó ti kú," ló wí, "ni n óò ṣe máa gba orí rẹ̀ kọjá?"

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń lọ. Ègùn ni Màmá, ìyàwó rẹ̀, ọmọ abúlé apẹja kan ní ìkọjá ọ̀sà Àgbádárìgì, níbi tí òkun ti ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ẹfun ló ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ tà ní ìsàlẹ̀, iyọ̀ àti ẹja yíyan ló sì ń dì bọ̀. Lọ́dún kan, kò di iyọ̀ bọ̀. Màmá ló dì bọ̀. Màmá ò rí òkè rí láyé rẹ̀, kò sì jókòó lórí irin rí. Wọn ò ní tíì rìn jìnnà tí yóò fi ké pé, "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ìdí mi ti fẹ́ já!" Bàbá á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi fìlà fẹ́ ẹ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ìjà tí wọ́n bá ara wọn jà títí ikú nìyẹn. Bí a bá ń jẹun, bí òjò bá ń rọ̀, bí àlejò bá wà ńlẹ̀:

"Ẹ̀ẹ̀meje ni, Bàbá Délé. Ìdí mi ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọwọ́ mi ló gbé ọ."

"Ẹ gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan."

"Èmi kẹ̀?" Bàbá á na ọrùn bí àkùkọ. "Mi ò gbàgbé nǹkan rí láyé mi."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Màmá kú nígbà tí ológun ṣì ń ṣèjọba, tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ kún kíláàsì, tí wọ́n ń wá tíṣà bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tíṣà tí wọ́n wá rí. Mò ń kọ́ni ní Ayétòrò, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síléèwé. Orúkọ méjì ni Bàbá ń pè mí: bí inú rẹ̀ bá dùn, Àbẹ̀ní, bí inú bá ń bí i, Tíṣà.

Ní ìdílé Màmá, ọmọbìnrin tó bá kú sílé ọkọ tó jìnnà, ilé ọkọ ni wọ́n ń sin ín sí, ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ mú irun orí rẹ̀ àti èékánná ọwọ́ rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń fún un. Bí oòrùn ogójì ọjọ́ bá wọ̀ tí kò dé, wọn ò ní gbà á mọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pe orúkọ àwọn tó ti lọ nínú ẹbí, wọn ò ní pe tirẹ̀ mọ́ láé. Á dà bí ẹni tí wọn ò bí níbẹ̀. Bàbá Sẹ̀tònjí, àbúrò Màmá ọkùnrin, ló wá sọ ọ́ fún wa lẹ́bàá oórì, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí ahọ́n Ègùn máa ń fà gùn. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

A gbọ́. Bàbá mi, Délé, ní òun á háyà mọ́tò.

"Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbé e wá," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ ti dàgbà."

"Kẹ̀kẹ́ náà ti dàgbà. Ṣé o gbọ́ kó sọ pé òun ò lọ ni?"

Orúnkún rẹ̀ sì tún wú. Ó ń fi ewé gbígbóná sí i lójoojúmọ́, ó ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la, títí ọjọ́ kejìdínlógójì fi kọjá. Bí a ṣe ṣírò rẹ̀, ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ kúrò ní Òkè-Ẹfun láàárọ̀, á sùn ní Òkè-Ọ̀dàn, á dé etí ọ̀sà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, á sì sọdá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọjọ́ kankan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìsinmi iléèwé ni, wọ́n ní kí n gun kẹ̀kẹ́ tèmi tẹ̀ lé e. Bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má jẹ́ kó máa kí gbogbo ayé. Mo bẹ̀ ọ́." Mo ṣèlérí.

Inú igbá kékeré kan tó ní ọmọrí ni irun àti èékánná náà wà, Bàbá fi gèlè funfun Màmá wé e. Ó dì í mọ́ irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹní àti iṣu tí a ń gbé lọ fún àwọn àna. A ò tíì kúrò lórí ilẹ̀ funfun, níbi àràbà kan, tó fi fa bíréèkì. Ó tú okùn. Ó gbé igbá náà sọ̀, ó gbé e ka gbòǹgbò igi níbi tí ibòji wà, ó jókòó tì í, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ibí yìí ló ti sinmi kẹ́yìn kó tó wọ ilé mi."

"Ìgbà yẹn, wọ́n wà láàyè!"

"Ìgbà yẹn," ni Bàbá wí, kò dáwọ́ fìlà dúró, "ó fúyẹ́ ju báyìí lọ."

Mo dúró nínú oòrùn. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wé e padà, ó dì í, ó tún okùn dì, a lọ. Lórí òkè ìwọ̀lú Ìlaró, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé ń wò mí. "Ẹ wo obìnrin tó la ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́!" ni ọ̀kan wí. "Bàbá, ṣé ẹ gbà kó máa gùn ún báyìí?" Bàbá kí wọn, ó bèèrè ìyàwó wọn, ó bèèrè ọmọ wọn, ó wá dá a lóhùn:

"Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ò bèèrè, ìwọ lò ń bèèrè."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìdí igi ọ̀dán ní Òkè-Ọ̀dàn, a sì sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ogójì ọjọ́ pé. Mo ti di ẹrù tèmi, mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo dúró sójúde. Bàbá ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò náà, ó ń kí wọn pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ló wá bẹ̀ ẹ́: "Fágbohùn, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé òní ni?" Bàbá ní òní ni. Ó ní ṣùgbọ́n òní náà gùn.

Odò Yewa ni ibi kẹrin. Afárá onípákó kan wà níbẹ̀ nígbà náà, òkúta pẹlẹbẹ wà lẹ́nu rẹ̀, obìnrin kan sì ń yan gààrí lábẹ́ àtíbàbà nítòsí. Bàbá gbé igbá sórí òkúta náà, ó fi fìlà fẹ́ ẹ, ó tú ẹní, ó tú iṣu, ó ní ẹrù náà ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tún un dì. Ó jókòó, ó ń rojọ́ fún onígààrí bí ẹ̀rù ṣe ba Màmá láti gun orí pákó, bó ṣe ní kí Bàbá di òun lójú bí ẹṣin. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ro gààrí rẹ̀. Oòrùn ti gòkè. Mo wo oòrùn, mo wo Bàbá, nǹkan kan já nínú mi.

"Bàbá, wọn ò ní pe orúkọ wọn mọ́! Ṣé ẹ gbọ́? Nítorí àlọ́ tí ẹ ń pa yìí, wọn ò ní pe orúkọ Màmá mọ́ láé! Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí n di ẹrù yìí fúnra mi."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Tíṣà."

"Ẹ dìde!"

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dìde. Mo ká ẹní, mo gbé iṣu lé e, mo fa okùn náà títí tó fi ń han bíi fèrè, mo ti kẹ̀kẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Mo gun tèmi, mo ṣíwájú, kó má bàa rí àyè kí ẹnikẹ́ni.

A rìn dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ọ̀nà náà: ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, atẹ́gùn tó ti ní iyọ̀ díẹ̀ nínú. Inú mi ń dùn sí ara mi. Ọ̀sán ti pọ́n gan-an nígbà tí a dé Agosásà. Lábẹ́ mángòrò kan níbẹ̀, Bàbá fa bíréèkì, ó ní ibí ni ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ó tú okùn. Ó gbé iṣu sílẹ̀. Ó tú ẹní. Ó dúró, ó ń wo irin kẹ̀kẹ́.

Kò sí igbá níbẹ̀.

"Bàbá!" ni mo ké. "Ẹ ti gbàgbé Màmá!"

Ó wò mí, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó gùn ún.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí lè sáré. Ó dìde dúró lórí pẹ́dà bí ọmọ ogún ọdún, pẹ̀lú orúnkún wíwú yẹn, fìlà rẹ̀ já bọ́, èmi ni mo he é. Ó kọjá lára obìnrin tó ru igi. Kò kí i. Ó kọjá lára àwọn àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n ń bọ̀ láti oko, wọ́n ti ń ṣí fìlà dè é. Kò kí wọn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Onígààrí ti fi agbọ̀n bo igbá náà, ó gbé òkúta lé agbọ̀n. "Mo ní ewúrẹ́ ò ní fọwọ́ kàn án," ló wí. "Mo ní ẹni tó ń fi fìlà fẹ́ igbá, kò lè ṣàì padà." Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, kò ní ibi nínú. "Ìwọ tíṣà yìí lo di ẹrù, mo rí ọ. Ìwọ lò ń kánjú."

Òtítọ́ ni. Èmi ni mo di ẹrù. Mo di iṣu, mo di ẹní, mo fi Màmá sílẹ̀ lórí òkúta. Bàbá gbójú sókè, ó wò mí. Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ó ti sọ ọ́ fún ìyá mi nítorí ọ̀já, ó sọ ọ́ fún awakọ̀, ó sọ ọ́ fún ewúrẹ́ pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí, èmi ni. Mo tẹrí ba, mo ń retí rẹ̀.

Bàbá gbé igbá náà, ó gbá a mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé e padà sórí òkúta, ó jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn…"

"Òun nìkan ló wà létí odò láti àárọ̀," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná."

Kò pẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá mu omi tán. Ṣùgbọ́n ó jókòó.

Kí n má tún fi bí a ṣe padà gba ọ̀nà yẹn dá yín lágara. Ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Agosásà lábẹ́ mángòrò, mi ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ọjà tí wọ́n ń gbé wọlé láti ìkọjá ibodè dá wa dúró. Ọ̀kan na ọ̀pá sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Bàbá, kí ló wà nínú igbá?"

"Ìyàwó mi ni."

Ọkùnrin náà wo igbá, ó wo Bàbá, ó wò mí, ó fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá ti ń tú gèlè, ó ní kó yọjú wò ó, kì í ṣe nǹkan ìpamọ́.

"Rárá, Bàbá. Ẹ má tú u. Mo ti rí wọn. Ẹ kí wọn fún mi."

Létí ọ̀sà ló ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́yìn, a ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Oòrùn ti wà lórí àgbọn. A gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì sínú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ ń tukọ̀, mo ń fi ọwọ́ wa omi bí ẹni pé ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí a ń ti kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn, táyà ń rì, oòrùn ń rì. Ìgbà tí a yọ sí agbo ilé àwọn àna, ibi tó wọ̀ sí ṣì pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti wọ̀.

Gbogbo wọn ti pé jọ. Bàbá Sẹ̀tònjí dìde dúró, ó ká ọwọ́ sáyà.

"Àna wa, ẹ káàbọ̀. Oòrùn ti wọ̀."

Bàbá fi kẹ̀kẹ́ ti ọ̀pẹ àgbọn kan. Ó tú igbá, ó gbé e fún mi dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, arúgbó tó ti hu irùngbọ̀n kí Bàbá Sẹ̀tònjí tó mọ̀wẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá afárá, mo ń rojọ́. Nígbà tí mo dìde, mo gbàgbé rẹ̀. A ní láti padà lọ mú un."

Mo la ẹnu. "Bàbá, kì í ṣe…"

"Tíṣà," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "àgbà ń sọ̀rọ̀."

Mo pa ẹnu dé. Mo ti ń pa á dé láti ìgbà náà.

Bàbá Sẹ̀tònjí ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Nígbà náà ni ohùn kan ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wá. Ẹ̀gbọ́n Màmá obìnrin ni, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí wọ́n gbé jókòó sórí àpótí.

"Fágbohùn. Bí ẹ ṣe ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lo sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

Mo ń kà á nínú mi: àràbà, Ìlaró, Òkè-Ọ̀dàn, afárá, afárá lẹ́ẹ̀kejì, Agosásà, etí ọ̀sà. Bàbá náà ń kà á, mo rí ètè rẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ìdáhùn náà yóò ná an.

"Ẹ̀ẹ̀meje," ni Bàbá wí.

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀ẹ̀meje! Ẹ̀ẹ̀meje náà ló ń sọ fún mi nígbàkígbà tó bá wálé. Ó ní ọkọ òun ò ní gbà láé." Ó nu ojú rẹ̀ tí kò ríran. "Sẹ̀tònjí, jókòó. Ẹni tó sinmi lẹ́ẹ̀meje kó tó dé ilé ọkọ, tó sì sinmi lẹ́ẹ̀meje kó tó padà wálé, kí ló fi pẹ́? Ẹ gbé àbúrò mi fún mi. Oòrùn ló yára."

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì, òkun ń pariwo lẹ́yìn wọn, wọ́n ń pariwo jù ú lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti ń fẹ́ táyà nígbà tí Bàbá ní kí a wá ọkọ̀ tó máa gbé wa àti kẹ̀kẹ́ wa lọ sílé. Mo rò pé orúnkún rẹ̀ ni.

"Kí la tún fẹ́ máa rọra lọ fún?" ló wí. "Kò sí ẹni tó fẹ́ sinmi mọ́."

Láti ìgbà náà ni ẹbí wa ti fi í ṣẹ̀fẹ̀: Bàbá tó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá afárá. Bàbá mi sọ ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, àwọn ọmọ tí wọn ò bá a láyé ń sọ ọ́. Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, ẹnì kan sọ ọ́, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí èmi náà tó lọ: ọkùnrin yẹn ò gbàgbé nǹkan rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo di ẹrù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ayétòrò. Mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ dé Òkè-Ẹfun, mi ò dúró níbì kankan. Mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Bàbá, èmi ni."

"Àbẹ̀ní. Àwọn wo lo kí lọ́nà?"

"Mi ò kí ẹnikẹ́ni."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò ní gbọ́n láé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní òní ni mo máa bi í, àbí mi ò bi í mọ́.

"Bàbá, ọjọ́ yẹn, lẹ́bàá afárá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi?"

"Kí ni?"

"Ẹni tó bá kánjú lọ."

Ó pa ojú dé títí mo fi rò pé oorun ti gbé e lọ. Inú ti ń bí mi díẹ̀díẹ̀, bíi ti àtẹ̀yìnwá, pé títí di ìsinsìnyí, yóò jẹ́ kí ènìyàn dúró ni. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí mi.

"Kí ni n óò tún máa sọ ọ́ fún?" ló wí. "Ṣebí o padà wá."